Ta Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Gba Owó Oṣù?



Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín lónìí, ìbéèrè náà kò sì gùn rárá: ní oṣù tí àpò ìjọba bá gbẹ, ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba owó rẹ̀, ta sì ni ó yẹ kí ó dúró? Àwọn bàbá wa ti rí irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ kí wọ́n tó sọ pé òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ ní ìbòòji. Kò sí ìlú tí kò ní olórí, nítorí náà kò burú bí ẹnì kan bá wà ní ìbòòji. Ohun tí ó burú ni pé ẹni tí ó wà ní ìbòòji ni ó ń pín oúnjẹ, òun náà ni ó sì ń kọ́kọ́ bu tirẹ̀, kí ó tó wo inú ìkòkò bóyá ó kù fún àwọn tí ó wà lóòrùn.

Ohun tí ó tún gbé ọ̀rọ̀ yìí sókè ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2025. Ní orílẹ̀-èdè náà, bí àwọn aṣòfin kò bá fẹnu kò lórí ètò ìṣúná kí ọdún ìnáwó tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, òfin kò gba ìjọba láàyè láti máa náwó lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba a sì di títì pa. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 2025, odindi ọjọ́ 43, ni ọ̀ràn náà fi wà bẹ́ẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ tí ó gùn tó o. Ọ̀kẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ ni a ní kí wọ́n lọ jókòó sílé. Ọ̀kẹ́ àìmọye mìíràn ni a ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ láìgba kọ́bọ̀. Kí àwọn ọmọ ogun tó rí owó wọn gbà ní ìdajì oṣù kẹwàá, Ààrẹ Donald Trump ní láti pàṣẹ pé kí a fa owó yọ láti inú èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí ilé iṣẹ́ ológun. Ní ìgbà kan ṣáájú èyí, láàrin oṣù kejìlá ọdún 2018 àti oṣù kìíní ọdún 2019, nígbà tí a ti ìjọba pa fún ọjọ́ 35, àwọn ọmọ ogun tí ń ṣọ́ etí òkun, tí iye wọn tó 42,000, kò rí owó tí ó yẹ kí wọ́n gbà ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní. Síbẹ̀, ní gbogbo àsìkò wọ̀nyí, owó àwọn aṣòfin tí ìjà wọn fa títì náà kò dúró ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ọdún ìnáwó 1983 ni òfin ti ya owó wọn sọ́tọ̀, tí kò fi sí lára ohun tí wọ́n ń jà lé lórí lọ́dọọdún.

Nítorí èyí ni àwọn kan láàrin wọn ṣe ń dábàá pé kí a so owó aṣòfin mọ́ owó sójà: ọjọ́ tí sójà kò bá gbà, kí aṣòfin náà má gbà. Ìwé òfin wọn fúnra rẹ̀ fi ìdíwọ́ kan sí i. Àtúnṣe kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú ìwé náà, tí a dábàá ní ọdún 1789 ṣùgbọ́n tí kò di òfin títí di ọdún 1992, sọ pé kò sí òfin tí ó lè yí owó aṣòfin padà kí ìdìbò mìíràn tó kọjá. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ní ọdún 2013 ni pé wọn kò ní gba owó náà kúrò lọ́wọ́ aṣòfin, wọn yóò kàn tọ́jú rẹ̀ pamọ́ títí yóò fi ṣe ojúṣe rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọgbọ́n yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni èyí, pé ní Nàìjíríà a kì í ti ilé iṣẹ́ ìjọba pa nítorí ètò ìṣúná. Òótọ́ ni, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìwé òfin wa. Ìpín 82 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún Ààrẹ láṣẹ pé bí ètò ìṣúná kò bá tíì di òfin nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, ó lè máa ná owó tí iṣẹ́ ìjọba yóò fi máa lọ fún oṣù mẹ́fà, bí kò bá ti ju iye tí òfin ìṣúná fọwọ́ sí fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó kọjá. Ìpín yìí ni a fara tì ní ọdún 2016, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ètò ìṣúná ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún. Òun náà ni a fara tì ní ọdún 2017, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó jẹ́ adelé Ààrẹ nígbà náà, fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà. Ní ọdún 2018, ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ni Ààrẹ tó fọwọ́ sí i. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ó kù kí oṣù mẹ́fà náà pé.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa ti ọ́fíìsì pa ní gbangba. Àwa a ṣí ọ́fíìsì sílẹ̀, a ó sì ti àpò pa. Òṣìṣẹ́ yóò jí, yóò wẹ̀, yóò wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́, yóò fọwọ́ sí ìwé pé òun dé, òpin oṣù yóò sì dé láìsí owó. Ta ni yóò sọ pé èyí kì í ṣe títì? Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọdún 2015, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ìjọba jẹ àwọn òṣìṣẹ́ lówó oṣù tí ó tó méje. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ ti fi owó ìrànwọ́ ran àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ ní oṣù keje ọdún náà, kàkà kí owó oṣù padà sípò, ìdajì ni a ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga, a sì ń yọ ìdámẹ́rin kúrò nínú ti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn, títí di ọdún 2018. Adájọ́bìnrin kan, Olámidé Olóyèdé, kọ ìwé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní ọdún 2015 pé kí wọ́n yẹ ìjọba wò lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí. Ní ọdún 2016, adájọ́bìnrin náà ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipátipá, nítorí àjọ àwọn adájọ́ sọ pé kò yẹ kí adájọ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà kò yàtọ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ ASUU fi yanṣẹ́ lódì. Ìjọba sọ pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gba owó, ó sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. A kò sọ pé ìlànà yìí burú. Àwa tí a ń gbé láàrin àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá láti Oregun dé Ìkẹjà títí dé Agége mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ: ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tí iná mọ̀nàmọ́ná lọ tí kò sí epo dísùù, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ á padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ìparí ọdún 2008, kò sí aṣòfin kan tí owó rẹ̀ dúró nítorí rẹ̀. Ohun tí a ń béèrè ni pé ní oṣù mẹ́jọ tí ASUU fi wà nílé, tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ náà sì lọ fún ìsinmi ọlọ́dọọdún wọn láàrin rẹ̀, kí ni ìdí tí ìlànà kan náà kò fi kàn wọ́n?

Síbẹ̀, olùkọ́ lè yanṣẹ́ lódì. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè rìn lọ sí Alausa pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Ẹnì kan wà tí kò lè ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀, òun sì ni sójà. Òfin kò gbà á láàyè láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Bí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá kó ara wọn jọ láti béèrè owó wọn ní ojú títì, ìṣọ̀tẹ̀ ni òfin ogun ń pè é, ìjìyà rẹ̀ sì lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ikú. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2008, àwọn sójà kan tí wọ́n ti lọ pẹ̀tù síjà ní orílẹ̀-èdè Liberia lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé jáde sí ojú títì ní Àkúrẹ́, wọ́n ní owó àjẹmọ́nú tí ó tọ́ sí àwọn kò pé dé ọwọ́ àwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, ilé ẹjọ́ ológun dá 27 nínú wọn sí ẹ̀wọ̀n gbére, kí àwọn aláṣẹ ológun tó dín in kù sí ọdún méje. A kò gbè sẹ́yìn sójà tí ó bá da ìlú rú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbé e lórí ìwọ̀n: ẹni tí ó béèrè owó tí ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ bí a ti ń ná owó ìlú, èwo nínú wọn ni oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ pẹ́ nítorí rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kò tán ní Àkúrẹ́. Ní ìparí ọdún 2024 àti ní ọdún 2025, àwọn sójà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ìṣúná ní Àbújá, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti fi ìgbà èwe wọn sin ìlú, wọ́n ń béèrè àwọn àfikún owó tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí. Ní àdúgbò tiwa, bárékè ológun Ìkẹjà kò jìnnà sí wa. A mọ àwọn ìyàwó sójà tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lọ́jà, àwọn ọmọ wọn sì ń bá tiwa lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí àgbá bú ní bárékè náà ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn ẹbí sójà wà lára àwọn tí ó pàdánù ilé wọn. Ènìyàn ni sójà, ebi ń pa á, onílé rẹ̀ náà a sì máa béèrè owó nígbà tí ó bá ti fi bárékè sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí owó àwọn aṣòfin tiwa ti ń jáde. Ìpín 70 nínú ìwé òfin sọ pé iye tí Àjọ RMAFC bá fi lélẹ̀ ni kí sẹ́nétọ̀ àti ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú máa gbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àjọ náà sọ fún gbogbo ènìyàn pé owó oṣù sẹ́nétọ̀ kan pẹ̀lú àjẹmọ́nú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan náírà àti díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí owó ń gbà wọlé, tí a ń pè ní owó ìnáwó ọ́fíìsì. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani la ẹnu rẹ̀ pé ₦13,500,000 ni sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣooṣù fún èyí, yàtọ̀ sí owó oṣù. Ní ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Sumaila Kawu sọ pé tòun tó ₦21,000,000. Ní ọdún 2018, ₦18,000 ni owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbà. Ìyẹn ni pé ohun tí sẹ́nétọ̀ kan gbà fún ọ́fíìsì ní oṣù kan tó láti san owó oṣù fún 750 ènìyàn. Ní ọdún 2024, nígbà tí a gbé e dé ₦70,000, ₦21,000,000 náà ṣì tó owó oṣù 300 ènìyàn.

Ní oṣù keje ọdún 2024, nígbà tí ìlú ń kérora, àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, tí gbogbo wọn jẹ́ 360, sọ pé àwọn yóò yọ̀ǹda ìdajì owó oṣù àwọn fún oṣù mẹ́fà. A kan sáárá sí wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. ₦300,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦108,000,000 lóṣù. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ Sẹ́nétọ̀ Kawu gbọ́, owó ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ márùn-ún péré ní oṣù kan jẹ́ ₦105,000,000. Ìrúbọ 360 ènìyàn kò fi nǹkan kan tí ó ṣe gúnmọ́ ju owó ọ́fíìsì ènìyàn márùn-ún lọ! Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù aṣòfin láìfi ọwọ́ kan owó ọ́fíìsì, ewé igi ni ó ń já, kò tíì fọwọ́ kan ìtàkùn.

Ohun tí ó tún wúwo ju iye owó lọ ni ipò tí owó náà wà. Nínú ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀, orí àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí òfin ya owó wọn sọ́tọ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni gbèsè, lẹ́yìn gbèsè ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, níbi tí sójà, ọlọ́pàá, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ wà. Àtúnṣe àkọ́kọ́ tí a ṣe sí ìwé òfin ní ọdún 2010 fi ẹsẹ̀ ipò yìí múlẹ̀ fún wọn, pé kí a máa san owó ilé ìgbìmọ̀ tààrà sí ọwọ́ ilé ìgbìmọ̀. Ní ọdún 2024, iye tí ó wà lórí ilà náà ju ₦344 bílíọ̀nù lọ. Àwọn wo ni ó dìbò fún àtúnṣe náà? Àwọn aṣòfin ni. Ẹni tí ó mú kálàmù lọ́wọ́ ni ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí òkè ìwé.

Ní ibí yìí ni a ti rántí ìtàn kan tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ti í bá ẹnu. Nígbà tí owó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé sí àpò ìlú ní àsìkò Kálífà Umar ọmọ Khattāb, ó dá ìwé kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Díwánì, níbi tí a ti kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun àti iye tí yóò máa kan oníkálukú wọn. Àwọn kan sọ fún un pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, nítorí òun ni olórí. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kí wọ́n sì kọ Umar àti ìdílé rẹ̀ sí ipò tí Ọlọ́hun bá fi wọ́n sí. Inú ìwé kan náà ni olórí àti ọmọ ogun wà, olórí kò sì sí ní ìlà àkọ́kọ́. Ní ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn Híjírà, nígbà tí ìyàn mú, ó fi òróró ìdí wàrà àti ẹran sílẹ̀, ó ní òun kò ní jẹ wọ́n títí àwọn ará ìlú yóò fi rí wọn jẹ. Kì í ṣe pé ebi tí ó pa Umar sọ di oúnjẹ fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ìyàn náà di ohun tí olórí ń gbọ́ ní etí nìkan.

A mọ̀ pé àwọn onílàákàyè yóò ní àtakò, ó sì tọ́ kí a dá wọn lóhùn.

Àtakò kìíní ni pé bí a bá fi owó aṣòfin sábẹ́ ewu, Ààrẹ tàbí gómìnà yóò máa fi ebi pa wọ́n kí wọ́n lè gbọ́ràn. Àtakò yìí lágbára, àwa ará Lagos kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ní ọdún 2004, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Lagos dúró nítorí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tuntun tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún náà pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ owó náà kò jáde títí di ọdún 2007, lẹ́yìn tí ó ti kúrò lórí oyè. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ náà sí ọwọ́ ẹnì kan. Kí òfin dá owó náà dúró fúnra rẹ̀, kí ó sì tú u sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí Ààrẹ bá sì wà nínú òfin kan náà, tí owó tirẹ̀ àti ti àwọn mínísítà rẹ̀ ń dúró ní ọjọ́ kan náà, èrè wo ni yóò rí nínú fífi ebi pa aṣòfin?

Àtakò kejì ni pé aṣòfin olówó kò ní mọ̀ pé owó oṣù kan dúró, olóòótọ́ tí kò ní nǹkan mìíràn ni yóò jìyà. Èyí náà jẹ́ òótọ́ bí ó bá jẹ́ owó oṣù nìkan ni a dá dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ọ́fíìsì, owó ìrìn àjò àti owó ọkọ̀ bá bá a dúró, kò sí olówó tí kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Àtakò kẹta ni pé ta ni yóò sọ pé àkókò tó láti dá owó dúró? Ẹ̀kọ́ wà fún wa ní Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, àwọn ará ìpínlẹ̀ náà dìbò pé bí àwọn aṣòfin kò bá parí ètò ìṣúná ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, kí wọ́n pàdánù owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé, láìsí pé a óò san án padà. Òfin kan náà mú kí ó rọrùn fún wọn láti fẹnu kò, nítorí ó sọ pé kí ìbò èyí tí ó pọ̀ jù tó, dípò ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ní ọdún 2011, olùṣọ́ owó ìpínlẹ̀ náà, John Chiang, sọ pé ètò tí wọ́n gbé wá kò dọ́gba, ó sì dá owó wọn dúró. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ètò mìíràn ti jáde. Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì sọ pé òun kọ́ ni ó láṣẹ láti ṣe ìdájọ́ bóyá ètò náà dọ́gba. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí òfin má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Kí ó gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí gbogbo ènìyàn lè fojú rí: ṣé owó sójà ti wọlé ní ọjọ́ tí a dá, àbí kò wọlé?

Nítorí náà, àbá tiwa rèé. Èkíní, kí a yọ owó àwọn aṣòfin àpapọ̀ kúrò ní ìlà àkọ́kọ́, kí a sì so ó mọ́ ọjọ́ tí sójà, ọlọ́pàá àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó rẹ̀ kéré jù lọ bá gba tirẹ̀. Kí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe bákan náà fún àwọn olùkọ́ àti àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì. Èkejì, kí owó ọ́fíìsì àti gbogbo àjẹmọ́nú wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí Ààrẹ, àwọn gómìnà, mínísítà àti kọmíṣọ́nnà wà nínú òfin kan náà. Ẹ̀kẹrin, kí a tọ́jú owó tí ó bá dúró sí àpò ọ̀tọ̀ ní Bánkì Àpapọ̀, kí olùyẹ̀wò owó ìjọba máa kéde ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù bóyá a ti san owó òṣìṣẹ́ tàbí a kò tíì san án, kí owó náà sì jáde ní ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá gba tirẹ̀.

A kò ní fi bò fún yín pé ọ̀nà náà gùn. Ìpín 9 nínú ìwé òfin sọ pé kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni a fẹ́ kí wọ́n dá ara wọn lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan wà tí kò nílò àtúnṣe ìwé òfin. Ní ọdún 2024, ìpinnu tí wọ́n ṣe nínú ilé ni ó tó láti yọ̀ǹda ìdajì owó oṣù. Irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ tó láti sọ fún akọ̀wé ilé pé kí ó má san owó ọ́fíìsì ní oṣù tí owó sójà bá pẹ́. Ohun tí a bá lè ṣe ní ọ̀sán kan, kí a má fi ọdún mẹ́rin ṣe àríyànjiyàn lé e lórí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, alága Àjọ RMAFC sọ pé owó tí Ààrẹ àti àwọn olóṣèlú ń gbà kéré jù, pé ó yẹ kí a bù kún un. Àwa kò jà lórí bóyá ó kéré tàbí ó pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó pọ̀ sí i, kí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé ìlà kan náà ni àwọn àti ọmọ ogun yóò dúró sí. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò jẹun pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn kì í jẹ́ kí ìkòkò jóná.

Ẹ̀yin ará wa ní Oregun, ní Ìkẹjà, ní Agége àti níbi gbogbo tí ìwé yìí bá dé, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ tí ó kù wà. Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sórí ìrẹsì àti aṣọ. Ẹ bi ẹni tí ó bá dúró níwájú yín, ní gbangba, níṣojú ẹlẹ́rìí: ní oṣù tí sójà àti olùkọ́ kò bá gba owó, ṣé ìwọ náà yóò dúró? Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá ń ṣẹ́ ojú, ẹ̀yin náà ti mọ ìlà tí ó fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àwọn aṣáájú tí ebi ìlú yóò máa pa pẹ̀lú wa, kí ó sì fún àwa náà ní ìgboyà láti béèrè ohun tí ó tọ́. Àmín.